Igun Ìwé Tí A Ní Kí Wọ́n Gé

Òórùn oògùn kòkó ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ogbó. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìtajà àti yàrá ìkẹ́rùsí wà, òkè ni ọ́fíìsì. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè náà, òórùn á sì máa gba àlàfo àárín pákó gòkè wá bá wa, òórùn líle tó máa ń ta ènìyàn nímú bí ìgbà tí wọ́n da kẹrosíìnì sórí ata tí wọ́n ń yan. Á wọ inú aṣọ, á wọ inú irun, á wọ inú oúnjẹ tí a bá gbé wá láti ilé. Bí mo bá délé ní Ìlàrè nírọ̀lẹ́, ìyá mi á ní kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀ kí n tó jókòó sórí àga òun. O mọ ilé náà dáadáa, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí a bá jọ ń ti yunifásítì bọ̀ wá sáàárín ìlú la máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí ìwọ á fọwọ́ bo imú, tí èmi á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni màá ti ṣe iṣẹ́ oṣù àkọ́kọ́ láyé mi, n kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìbínú kan ti máa wọ̀ mí lára tí kò ní jáde mọ́.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, ayé àwọn ológun. Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí ó fi sú mi, kí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn kòkó, ajílẹ̀ àti póńpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn yìí ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìwé ìròyìn kan ni wọ́n ń tẹ̀ lóṣooṣù, olójú ewé mẹ́jọ, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ oníbàárà wọn, ní Ifẹ̀, ní Mọdákẹ́kẹ́ àti ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn wọn. Èmi ni màá máa kọ ọ́, màá máa tún èyí tí àwọn ẹlòmíràn bá kọ ṣe, màá sì máa gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Èmi àti obìnrin àgbàlagbà kan la jọ ń lo yàrá kan, òun ló ń tẹ gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Màmá Táípíìsì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí èmi ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́ rẹ̀, gíláàsì á ti sún dé ṣóńṣó imú.

Máníjà wa, ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì dùn. Òun ló ni ojú ewé kìíní ìwé ìròyìn náà. "Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá" ni àkọlé rẹ̀, àwòrán rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á sì wà níbẹ̀: ibi tó ti ń bọ baálẹ̀ kan lọ́wọ́, ibi tó ti ń gé rìbọ́ọ̀nù, ibi tó ti di póńpù mú bí ẹni tó ti fi fọ́n oògùn rí. Kọ́pà ló ń pè mí títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bọ́ kákí sílẹ̀. Ní oṣù kejì mi, mo bi í bóyá a mọ iye ènìyàn tó ń ka ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iye tí a tẹ̀ ni iye tó kà á, nítorí kò sí èyí tó ń ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Ohun tó máa ń kọ ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn nìyẹn, wọ́n sì ń gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra àkàrà láàárọ̀ nítòsí ilé wa. Obìnrin tó ń dín in fa ìwé kan yọ lábẹ́ àpótí rẹ̀, ó fi wé àkàrà mi, ojú máníjà wa ló kọ́kọ́ rin fún epo. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí, nítorí èmi ni mo jókòó ti ìwé náà odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bi obìnrin náà bóyá ó máa ń kà á kí ó tó fi wé nǹkan. Ó ní ìwé kíkà kọ́ ló gbé òun jáde, ṣùgbọ́n òun kì í fi ojú ewé kẹfà wé àkàrà, nítorí àbúrò ọkọ òun tó ń dáko kòkó máa ń wá gbà á lọ́wọ́ òun. Ojú ewé kẹfà ni "Ẹ Bi Wá", níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí wa, tí a sì ń dá wọn lóhùn. Mo ń rìn lọ, mo ń jẹ àkàrà, mo ń rò ó. Ìwé kan náà ni. Wọ́n ń fi apá kan wé àkàrà, wọ́n ń wá gba apá kejì bí ẹni ń gba oògùn, a kò sì mọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń ṣí. Wọ́n á fi iye ènìyàn tó ka ohun tí ilé-iṣẹ́ wa kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn mí, ìlú tí wọ́n ti kà á, ìlà tí wọ́n dé kí ó tó sú wọn. Mo máa ń yìn wọ́n. N kì í sábà sọ fún wọn pé mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, pé sísọ́ọ̀sì àti agolo bisikíìtì ni mo fi ṣe é.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ní igun ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ilé ìtẹ̀wé fa ìlà yí ibi kékeré kan po, kí wọ́n fi àmì sí i, kí àmì ojú ewé kan má ṣe jọ ti èkejì, kí ẹ̀yìn igun náà sì ṣófo. Ọkọ́ ni ti ojú ewé kìíní, àdá ni ti èkejì, agbọ̀n ni ti ẹ̀kẹfà, gbogbo wọn ní tiwọn. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àgbẹ̀ gé igun ojú ewé kan ṣoṣo, èyí tó wúlò fún un jù, kí ó kọ orúkọ abúlé rẹ̀ sẹ́yìn igun náà, kí ó mú un wá sí ilé ìtajà wa, a ó sì fún un ní irúgbìn ilá tàbí ti tẹ̀tẹ̀ díẹ̀. Màmá Táípíìsì kó agolo bisikíìtì mẹ́jọ wá láti ilé rẹ̀, a lẹ àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ agolo kọ̀ọ̀kan, a sì tò wọ́n sórí káńtà nísàlẹ̀. Máníjà fọwọ́ sí i kíá. Ó ní kí a wá agolo tó tóbi díẹ̀ fún ojú ewé kìíní.

Oṣù àkọ́kọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ló wá. Oṣù kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti Màmá Táípíìsì á da agolo sórí tábìlì, a ó máa kà. Agolo ọlọ́kọ́, ti máníjà, ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo ni ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìkọ̀wé ẹnì kan náà, dírẹ́bà rẹ̀. Agolo alágbọ̀n kún débi pé ìdérí rẹ̀ kò pa dé. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ iye igun tó wá láti abúlé kọ̀ọ̀kan àti ojú ewé tí wọ́n gé. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn òǹkàwé mi láti inú ìwé yẹn, bí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣí. Mo rí i pé bí orúkọ abúlé kan bá wà nínú àkọlé, àwọn abúlé tó yí i ká á gé e. Mo rí i pé bí ìdáhùn bá ti gùn ju ìka ọwọ́ mi méjì lọ lórí ìwé, agolo á fúyẹ́. Mo gé ọ̀rọ̀ mi kúrú, mo mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi fún àwọn tí ojú wọn ti ń rẹ̀, mo gba ojú ewé keje mọ́ "Ẹ Bi Wá". Igun ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé. Inú mi dùn nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi. N kò ní purọ́ fún ọ. Ó ti pẹ́ tí n kò ti ní irú ayọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ abúlé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ààyè tó wà níbẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á rún ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan ń bèèrè ìgbà tó yẹ kí òun fọ́n oògùn bí òjò bá pẹ́. Ẹnì kan ní ojú máa ń pòòyì òun lẹ́yìn tí òun bá fọ́n ọn tán. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Màmá Táípíìsì mú igun kan, ó kà á, ó tì í sí mi. Báírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ gún régé bí ti ẹni tó lọ ilé-ìwé alẹ́ àgbà. Ó kà báyìí: "Ṣé kẹ́ẹ̀gì oògùn tí a rà lọ́wọ́ yín ṣeé fi gbé omi mímu? Ọmọ-ọmọ mi ń bì."

Mo tún un kà. Tí a rà lọ́wọ́ yín. Mo sọ fún Màmá pé bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣe àṣìkọ ni, nítorí oògùn là ń tà, a kì í ta kẹ́ẹ̀gì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹrù. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi, nítorí kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí òun fi pamọ́. Ó ní inú kẹ́ẹ̀gì ńlá ni oògùn olómi ti ń wá, àwọn ló ń dà á sínú ìgò kéékèèké fún àwọn àgbẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ṣófo, wọn á fi omi ṣàn án, wọn á sì tà á fún àwọn obìnrin abúlé, nítorí ó lágbára ju ike ọjà lọ. Ó ní máníjà ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tò wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀yìn, wọ́n mọ́ nigínnigín, àmì ilé-iṣẹ́ wa sì wà lára wọn, àmì kan náà tó wà lókè ìwé ìròyìn mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti Màmá Táípíìsì lọ sí abúlé tí orúkọ rẹ̀ wà lára igun náà. A wọ ọkọ̀ dé ibi tí ọ̀dà parí lẹ́yìn Òkè-Ogbó, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín oko kòkó. Kò ṣòro láti rí ẹni tó kọ ọ́. Obìnrin opó ni, ó ń dáko ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí mo sì ṣe sọ pé láti ibi ìwé ìròyìn la ti wá, ó nu àga fún wa bí ẹni pé àlejò láti ilé ọba ni wá. Ó fi àwọn ìwé wa hàn mí. Ó ti gé ojú ewé kẹfà láti oṣù dé oṣù, ó fi òwú rán wọn pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, òjò ti kún wọn. Ọmọ náà jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́rin, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Obìnrin náà sọ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dé ọ̀hún, wọn á tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Bó bá padà sílé, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún un. N kò mọ bí a ṣe ń sọ irú rẹ̀, mo kàn sọ ọ́ wẹ́rẹ́, pé oògùn máa ń mu wọ inú ike náà, pé fífọ̀ kò lè mú un kúrò, pé omi yẹn ló ń ṣe ọmọ. Ó dìde, ó ń da omi inú kẹ́ẹ̀gì nù lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń ṣàn gba iwájú wa kọjá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé orí èyí tó kẹ́yìn ni ó sọ̀rọ̀.

"Ìwé yín ló kọ́ mi bí a ṣe ń gé ẹ̀ka kòkó," ó ní. "Mo rò pé bí ó bá burú ni, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ ọ́."

Mo bá a gbé kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn yẹn, a da omi rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kọ ìdáhùn náà fún ojú ewé kẹfà, mo kọ ọ́ kúrú, bí agolo ṣe kọ́ mi: pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé omi tàbí epo sínú kẹ́ẹ̀gì oògùn, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ wa ló ti rà á. Mo gbé e lọ bá máníjà, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi dání, mo fi igun aláwọ̀ ewé náà hàn án. Ó kà á. Ó kọ́kọ́ bi mí ẹni tó rán mi lọ sí abúlé. Lẹ́yìn náà ó mú báírò pupa, ó fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìdáhùn mi.

"Kọ́pà," ó ní, "ìwé yìí, kí ọjà lè tà ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé à ń pa ènìyàn ni?"

Mo ní ọmọ kan ń ṣàìsàn, sà. Ó ní ọmọ máa ń ṣàìsàn. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ó ní kí n yọ "Ẹ Bi Wá" kúrò pátápátá, nítorí àwọn ènìyàn ti ń bèèrè ohun tí kò kàn wọ́n, kí n sì fi àwòrán ayẹyẹ oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá rọ́pò rẹ̀. Mo jáde. Màmá Táípíìsì ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá wa fún mi láti inú.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ dé ní ọ̀la rẹ̀. Máníjà fẹ́ kọ ìròyìn àwọn agolo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ó gba ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó kó iye tó jẹ́ ti ojú ewé kẹfà, ó gbé e fún ojú ewé kìíní, ó sì kó ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ fún ojú ewé àwọn àgbẹ̀. Ó fún Màmá Táípíìsì pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé yóò kọ̀. Kò kọ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún, ìyá àgbà yìí tí a jọ ń ka igun ìwé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó ti mọ ìkọ̀wé àwọn àgbẹ̀ kan kí ó tó ka orúkọ abúlé wọn. Inú rẹ̀ bí mi. Mo wí fún un pé, Màmá, ẹ̀yin náà. Ó tẹ ìlà tó kù parí, ó fa ìwé yọ, ó sì sọ pé ọdún kan ló kù fún òun. Lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ó ní kí a yọ ojú ewé," ó ní. "Kò ní kí a yọ igun."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ìwé náà, ibì kan ṣoṣo wà tó dá mi lójú pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kí ó wò ó, kí ó fi sísọ́ọ̀sì tàbí abẹ yí i ká, kí ó sì kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń ka igun wọ̀nyẹn. Màmá fa ìwé tuntun sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Lábẹ́ ọkọ́, lábẹ́ àdá, lábẹ́ agbọ̀n, lábẹ́ gbogbo àmì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló tẹ̀: "Kẹ́ẹ̀gì oògùn kì í ṣe ti omi, kì í ṣe ti epo, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má ṣe lò ó nílé. Ẹ dá a padà fún wa." Mo gbé e lọ fún máníjà kí ó fọwọ́ sí i. Mo ti mọ ohun tó máa kà. Ó wo àwòrán oyè rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú kí fìlà rẹ̀ hàn dáadáa sí i, ó fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo wà lójú fèrèsé. Àwọn àkọ́kọ́ tó wá, kẹ́ẹ̀gì méjì méjì ni wọ́n rù. Wọ́n sọ̀ ọ́ sílẹ̀ níwájú ilé ìtajà, wọ́n fa igun ìwé yọ nínú gèlè tàbí ní eteetí ìró, wọ́n nà án sí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹrù, wọ́n ní àwọn dá a padà bí ìwé ti wí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kẹ́ẹ̀gì ti dí ẹnu ọ̀nà, ó ti kún dé etí gọ́tà, àwọn ènìyàn sì ń dúró láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí ìjà. Àwọn obìnrin náà ń ṣàlàyé fún ara wọn lóhùn jẹ́jẹ́, àwọn mìíràn ń ka orí ọmọ wọn lórí ìka, tí wọ́n ń rántí èyí tó ṣàìsàn àti ìgbà tó ṣe é. Ìyẹn ni mo gbọ́ láti òkè. Opó yẹn náà wá. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló so mọ́ra, òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan sì jọ gbé e.

Máníjà pè mí wọlé. Igun kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ọkọ́ ni àmì rẹ̀, ti ojú ewé tirẹ̀. Ó bi mí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni. Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi, Màmá Táípíìsì wọlé láìkanlẹ̀kùn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

"Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, sà," ó ní. "Kò mọ ẹ̀rọ yẹn lò. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ ìyẹn tó lọ sí Ìbàdàn náà."

Mo gba ìwé ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Máníjà kò lè lé Màmá, nítorí ó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, Màmá sì ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun mọ irọ́ tó lọ sí Ìbàdàn. Ó kàn ní kí wọ́n gbé e lọ sí olú ilé-iṣẹ́, obìnrin tó ní ọkọ tó ń ṣòjòjò nílé ní Ifẹ̀, tó wá ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè tó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ fún odindi ọdún tó kù fún un. Wọn kò ta kẹ́ẹ̀gì mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ìkéde, kò sí ẹ jọ̀wọ́, kò sí ẹni tó lọ sí abúlé kankan láti bèèrè bí àwọn ọmọ ṣe wà. Ní ìparí ọdún, olú ilé-iṣẹ́ fún máníjà wa ní ìwé ẹ̀yẹ, pé nínú gbogbo ẹ̀ka, ìwé ìròyìn tirẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń kà jù. Wọ́n ka iye igun ojú ewé kìíní síta níbi ayẹyẹ náà, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Màmá ló sọ fún mi. Òun ni wọ́n ní kí ó tẹ ìwé ètò ọjọ́ náà.

Àwọn ènìyàn ti bẹ̀ mí pé kí n gbàgbé. Ìyá mi bẹ̀ mí kí ó tó kú, pásítọ̀ bẹ̀ mí, ìwọ náà ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, pé iṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo rí lẹ́yìn náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ronú sí i, mo rí i pé kì í ṣe pé wọ́n lé mi ló ń dùn mí, kì í sì í ṣe pé ó fi iṣẹ́ mi gba ẹ̀yẹ. Ọ̀gbọ́n ni kí ènìyàn fẹ́ mọ bóyá wọ́n ń ka òun. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n, mo sì kọ́ wọn dáadáa. Ohun tí n kò rí ẹni kọ́ mi nígbà yẹn ni pé ọjọ́ tí o bá ti mọ̀ pé wọ́n ń kà ọ́, o kò tún lè sọ pé o kò mọ̀ wọ́n.

Opó yẹn wá kí mi nílé ní Ìlàrè ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí mo kúrò. Ó wádìí mi títí ó fi rí mi. Ó ní ọmọ náà ti ń jẹun dáadáa, ó ti ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ṣì máa ń gbọ̀n bí ó bá di nǹkan mú. A sọ̀rọ̀ oko, a sọ̀rọ̀ òjò tó pẹ́. Ó ní ìwé ìròyìn ṣì ń dé abúlé àwọn lóṣooṣù, àwòrán ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ti yọ igun kúrò. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí ẹni tó ń dá àwọn lóhùn báyìí.

Mo sọ òótọ́ fún un, pé kò sí ẹnikẹ́ni. Ó mi orí, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dágbére. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú tí mo ní kí o má ṣe bẹ̀ mí kí n gbé sílẹ̀ mọ́, nítorí ó ti ràn mí lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju ìwé ẹ̀rí mi lọ. Ẹni tó ń ka ìwé rẹ, tó sì gbà á gbọ́, ti fi ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀gá wa kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ìwé àkọsílẹ̀ mi wà níwájú rẹ̀, ó rí iye wọn, ó rí abúlé wọn, ó mọ̀ pé wọ́n gbà wá gbọ́, ó sì fi ìlà pupa pa ohùn wọn rẹ́.